Òrùka Idẹ Dókítà Pfannkuch

Ní ìlú kékeré kan létí odò Lahn, níbi tí ọmọdé ti ń mọ ìyàtọ̀ gíláàsì lẹ́ǹsì sí gíláàsì fèrèsé kí ó tó mọ bàtà ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Wendelin Pfannkuch. Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ lójú ara rẹ̀ o. Dókítà Ẹnjiníà Wendelin Pfannkuch ni, Olórí Àwọn Ayàwòrán-Iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Ruhland, Igbákejì Alága Ẹgbẹ́ Àwọn Ẹnjiníà Agbègbè. Bí tẹlifóònù bá dún lórí tábìlì rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni yóò kà láìmí. Ẹni tó pè é láti béèrè bóyá yóò mu kọfí, kọfí ọ̀hún á ti tutù kí oyè tó tán.

Ní èdè ibẹ̀, Pfannkuch kò jìnnà sí orúkọ àkàrà pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi ẹyin àti ìyẹ̀fun dín. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín sí èyí ní ilé-iṣẹ́ Ruhland, kó má retí àfikún owó oṣù lọ́dún náà.

Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ń kì í. Wọ́n á ní: "Pfannkuch, a-fọwọ́-síṣẹ́-oníṣẹ́! Ọ̀gá tí kì í di pẹ́ńsùlù mú, tí pẹ́ńsùlù ẹlòmíràn ń gbé orúkọ rẹ̀ kiri! Àgbà ẹnjiníà tí sukúrúù rí, tó sá wọ abẹ́ tábìlì!"

Wọn ò parọ́. Ọdún kọkànlá nìyí tí Dókítà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìlà kẹ́yìn. Nísàlẹ̀ àwòrán-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, àpótí kékeré méjì ni ó máa ń wà: ọ̀kan fún orúkọ ẹni tó yà á, èkejì fún ọ̀gá tó yẹ̀ ẹ́ wò. Pfannkuch ti wá ṣàwárí pé bí ènìyàn bá kọ orúkọ tirẹ̀ gàdàgbà tó, àpótí kan lè gbé èkejì mì.

Ẹni tí àpótí rẹ̀ ń di ìgbémì jù lọ ni Màdáámù Dönges. Ìyá náà ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ìgbà ìrúwé tó ń bọ̀ ni yóò fẹ̀yìn tì. Gíláàsì dídán ni wọ́n gbà á wọlé fún nígbà èwe, ó fi alẹ́ kọ́ àwòrán yíyà, ó sì di ẹni tí wọ́n ń gbé iṣẹ́ tó ta kókó wá bá. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi jókòó ti lẹ́ǹsì kan ṣoṣo, irú èyí tí ń fa ọ̀nà jíjìn wá sítòsí, tí ẹni tí ń ya fọ́tò kò fi ní gbẹ́sẹ̀ kúrò níbi tó dúró sí.

Iṣẹ́ ọ̀hún le. Gíláàsì tó wà nínú rẹ̀ pín sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́. Bí o bá yí òrùka ìta, ẹgbẹ́ kan á lọ síwájú, òmíràn á tẹ̀ lé e, á tún padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ìrìn tirẹ̀. Bí ti iwájú bá ṣe ń yọ síta tó ni àwòrán ń sún mọ́ tó. Bí ọ̀kan bá fi fọ́nrán irun ṣáájú, àwòrán á ṣú. Ohun tí ń darí wọn ni páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a gé àwọn ihò gbọọrọ sí lára, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́ bí ejò. Èèkàn kékeré ara ẹgbẹ́ gíláàsì kọ̀ọ̀kan ń rìn nínú ihò tirẹ̀. Ibi tí ihò bá lọ́ sí ni gíláàsì ń lọ. Ìyá Dönges ló ya ìlọ́ àwọn ihò yẹn. Òun náà ló wọn gbogbo nǹkan dórí gíráàmù kan, tó yan gíríìsì tó le díẹ̀, kí ibi tí ọwọ́ bá fi lẹ́ǹsì sí jẹ́ ibi tí yóò dúró.

Lọ́jọ́ tó gbé e wọ ọ́fíìsì Dókítà, ọkùnrin náà yí òrùka rẹ̀ lọ, ó yí i bọ̀. Ó dùn mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ìgbà tí èèyàn ń yí kọ́kọ́rọ́ ilé owó.

Ó ní, "Ó dáa. Ó dáa gan-an. Àmọ́ nǹkan kan ṣì kù."

"Kí ló kù, Ọ̀gá Dókítà?"

"Orúkọ."

Ojú ìyá náà tàn. Ó rò pé ọjọ́ òun ti pé. Ṣé ẹ rí i, lọ́dọọdún níbi àfihàn kámẹ́rà ní ìlú Köln, àwọn adájọ́ máa ń fún iṣẹ́ tó dára jù ní ife fàdákà, wọ́n sì máa ń kọ orúkọ ẹni tó yà á sínú ìwé kan tí kì í parẹ́. Ìyá Dönges kò béèrè ohun méjì lọ́wọ́ ayé mọ́ ju kí orúkọ òun wọ ìwé yẹn kó tó kó pẹ́ńsùlù rẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ Dókítà náà ti gbọ́ ohun tí bàbá onílé-iṣẹ́, Alàgbà Ruhland, sọ: ẹni tó bá gba ife lọ́dún yìí ni yóò jókòó sórí àga òun bí òun bá sinmi.

Dókítà ní, "Mo fẹ́ òrùka idẹ níwájú rẹ̀ níbí. Kó fẹ̀ dáadáa. Kí wọ́n gbẹ́ orúkọ mi sí i, pẹ̀lú oyè."

"Èwo nínú oyè yín?"

"Ìbéèrè wo nìyẹn? Gbogbo ẹ̀!"

Ìyá Dönges sinmẹ̀dọ̀. "Ọ̀gá Dókítà, òrùka tó wà níbẹ̀ ò tó ogún gíráàmù. Ó fúyẹ́, mo sì mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Idẹ tẹ́ ẹ ń sọ yìí á tó ìlọ́po mẹ́jọ. Iwájú lẹ́ǹsì yìí ò lè gbẹ́rù."

"Ẹrù? Orúkọ mi lẹ ń pè lẹ́rù?"

"Bó bá ti wà lórí bébà, ẹrù kọ́. Bó bá di idẹ, òṣùwọ̀n á pè é lẹ́rù."

"Màdáámù Dönges, ẹ jẹ́ ká má dá ara wa lágara. Ẹ̀yin lẹ mọ ihò gé. Èmi ni mo mọ ohun tí ojú ń fẹ́."

Kò dúró síbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó mú abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó fi ha orúkọ ìyá náà kúrò nínú àpótí rẹ̀, ó sì kọ tirẹ̀ sí àpótí méjèèjì. Wendelin Pfannkuch ló yà á, Wendelin Pfannkuch ló yẹ̀ ẹ́ wò, Wendelin Pfannkuch sì rí i pé Wendelin Pfannkuch ò ṣàṣìṣe kankan. Nígbà tí ìyá náà rí bébà ọ̀hún, ó fi ìka pa ojú ibi tí abẹ ti kọjá.

Ó ní, "Ẹ mà hà á mọ́ o. Ẹ kú iṣẹ́. Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti fọwọ́ ara yín ṣe nǹkan kan lórí àwòrán."

Dókítà rò pé ó yin òun.

Nígbà tí oṣù àfihàn pé, wọ́n kó ara wọn lọ sí Köln. Pfannkuch kọ̀ pé kámẹ́rà òun ò ní kọjú síwájú bíi ti àwọn mẹ̀kúnnù tó kù nínú gbọ̀ngàn. Òkè ni kí wọ́n so ó kọ́, kó dorí kodò, kó máa wo ìlú kékeré kan tí wọ́n fi pátákó fẹ́ẹ́rẹ́ kọ́ sórí tábìlì. Ohun tí lẹ́ǹsì bá ń rí á máa hàn lójú tẹlifíṣọ̀n ńlá kan lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní, "Ṣé ẹ rí ọba tó ń wòkè rí? Ìsàlẹ̀ lọba ń wò."

Ìyá Dönges tún gbìyànjú. "Bó bá dorí kodò pẹ̀lú òrùka yẹn, á yọ̀ wálẹ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dá èyí tó fúyẹ́ padà."

Wọ́n dán an wò láàárọ̀. Gbọ̀ngàn tutù bí inú kànga, gíríìsì sì le. Lẹ́ǹsì ò mira. Dókítà yíjú sí ìyá náà pẹ̀lú ẹ̀rín ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

"Ó yọ̀ ni? Màdáámù, ẹ lọ wá kọfí mu, kẹ́ ẹ sì jẹ kéèkì díẹ̀ tì í. Ìbẹ̀rù àgbà ń dà yín láàmú."

Ìyá náà lọ mu kọfí rẹ̀. Nígbà tó di aago mẹ́ta ọ̀sán, wọ́n ti tan iná ńláńlá mẹ́fà sórí ìlú pátákó náà, èrò ti kún fọ́fọ́, ooru sì mú débi pé Alàgbà Ruhland ti tú táì ọrùn rẹ̀. Gíríìsì kì í ṣe ènìyàn tó ń mọ ojú oyè. Bí ooru bá mú, yíyọ́ ni í yọ́.

Àwọn adájọ́ márùn-ún jókòó níwájú. Olórí wọn ni Alàgbà Verstraete, ará Bẹ́ljíọ̀mù kan tí kì í rẹ́rìn-ín, tí kì í sì í tètè bínú. Dókítà gun pèpéle. Ó ti bọ́ awò ojú rẹ̀ sápò, torí kò fẹ́ kí awò hàn nínú fọ́tò ìṣẹ́gun.

Ó bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀yin ẹni iyì, ohun tẹ́ ẹ ń wò yìí, ọpọlọ kan ṣoṣo ló bí i. Lẹ́ǹsì yìí ní ìgbọràn! Kì í mira rárá, àfi bí ọwọ́ mi bá pàṣẹ!"

Lẹ́yìn rẹ̀, lójú tẹlifíṣọ̀n, ìlú pátákó bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ ìtòsí. Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, jẹ́jẹ́, bí ológbò tó ń yọ́ lọ sídìí ẹja. Gbogbo ìlú ló kọ́kọ́ hàn. Ó ku gbàgede. Ó ku ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ku aago ara ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Dókítà rò pé inú wọn ló ń dùn, ó tẹríba fún wọn.

"Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun! Èmi fúnra mi kọ́ ọ pé kó máa dúró síbi tí mo bá fi í sí!"

Ẹ̀rín di ariwo. Ó bojú wẹ̀yìn. Ọwọ́ aago ṣọ́ọ̀ṣì ti tóbi tó òpó iná. Ó fò mọ́ lẹ́ǹsì, ó tì í padà sókè. Ó dúró. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Idẹ fa lẹ́ǹsì wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tún tì í, ó sì dì í mú gírígírí. Lójú tẹlifíṣọ̀n, àtàǹpàkò ńlá kan tí wọ́n ti jẹ èékánná rẹ̀ kù díẹ̀ bo gbogbo ìlú.

Obìnrin akọ̀ròyìn kan láti Copenhagen nawọ́ sókè. "Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Àṣẹ ta ló ń tẹ̀ lé báyìí?"

Alàgbà Verstraete kò rẹ́rìn-ín. Ó di páìpù inú lẹ́ǹsì kejì lọ́wọ́, èyí tí wọ́n tú sílẹ̀ fún àyẹ̀wò. "Dókítà, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Kí ló dé tí ihò kejì yìí lọ síwájú dé ìdajì, tó tún ṣẹ́rí padà?"

Ọkùnrin náà wo ihò. Láìsí awò, kò rí i dáadáa. Bó tiẹ̀ rí i, ìyàtọ̀ wo?

"Ẹ... fún ẹwà ni."

"Fún ẹwà? Inú ibi tẹ́nì kan ò lè rí?"

Òógùn bò ó. Lẹ́ǹsì ṣì ń tiraka lọ́wọ́ rẹ̀ bí ewúrẹ́ tó fẹ́ já lọ. Alàgbà Ruhland ń wò ó. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wò ó. Bí ẹni tí ilé ń jó bá ti ń wá fèrèsé, kì í wo bí ilẹ̀ ṣe jìn sí.

Ó kígbe. "Àṣìṣe yìí kì í ṣe tèmi! Èmi kọ́ ni mo yà á! Màdáámù Dönges ni! Àtìbẹ̀rẹ̀ dópin, òun nìkan ló yà á! Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò fọwọ́ kan ìlà kan ṣoṣo nínú ẹ̀!"

Àkàrà ti tú sépo, ẹni tó ń dín in ló sì da omi sí i.

Ohùn Alàgbà Ruhland ló kọ́kọ́ jáde. "Ìlà kan ṣoṣo, Pfannkuch?"

Ìyá Dönges ti dé ẹsẹ̀ pèpéle. Ó gùn ún. Ó yọ ìtúsukúrúù kékeré àti òrùka fífúyẹ́ kan tó wé sínú aṣọ ìnujú jáde lápò. Ó tú idẹ kúrò, ó gbé e lé Dókítà lọ́wọ́, ó sì fi tirẹ̀ sípò. Kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ó ti lẹ́ǹsì sókè, ó gbọ́wọ́ kúrò. Lábẹ́ iná mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìlú pátákó dúró gbọn-in lójú tẹlifíṣọ̀n.

Alàgbà Verstraete fúnra rẹ̀ wá yí i lọ, ó yí i bọ̀. "Ihò kejì ńkọ́, Màdáámù?"

"Gíláàsì tó wà nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ sin ti iwájú dé ìdajì ọ̀nà, Alàgbà, kó tó padà. Bí ò bá padà, àwòrán á ṣú."

"Ọdún mélòó lẹ fi rí ìlọ́ yẹn?"

"Mẹ́ta. Ọdún àkọ́kọ́, mò ń ṣì í yà ni."

Ọkùnrin náà mirí. Ó bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó sì yọ fọ́ọ̀mù ife fàdákà jáde. Ó gbé e fún Pfannkuch.

"Òfin wa ni pé olórí ayàwòrán ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ ẹni tó ya iṣẹ́, níwájú wa níbí. Ẹ kọ ọ́ ní kíkún, Dókítà. Orúkọ àbísọ àti ti bàbá."

Dókítà gba kálàmù. Ó kọ Dönges. Kálàmù dúró níbi orúkọ àbísọ.

Ọdún mọ́kànlá. Ìyá yìí ló ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé láràárọ̀. Ó wojú àjà, ó wo Alàgbà Ruhland, ó wo òrùka idẹ ọwọ́ rẹ̀, níbi tí orúkọ àti oyè tirẹ̀ pé pérépéré. Kò sí èyí tó ràn án lọ́wọ́.

Káàdì ìdánimọ̀ kan wà láyà ìyá náà, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sì wẹ́wẹ́. Awò ojú wà lápò ìsàlẹ̀, ọwọ́ kan di kálàmù, èkejì di idẹ, kò sì sí ibi tí yóò kó wọn sí. Dókítà Ẹnjiníà Wendelin Pfannkuch tẹ̀ síwájú díẹ̀. Kò ríran. Ó tún tẹ̀ sí i, ó ń fún ojú pọ̀, títí ìdí kóòtù rẹ̀ fi kọjú sí òkè àjà, tí imú rẹ̀ fẹ́ẹ̀ kan káàdì. Kámẹ́rà àádọ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbàsọ̀, gbàsọ̀.

"Ẹ má kánjú, Ọ̀gá Dókítà," ni ìyá náà wí. "Irmtraud ni. 'I' ló fi bẹ̀rẹ̀."