Fíìmù Abẹ́ Ẹja

Ẹ bá mi kí Primitivo Balgos, ẹni tí gbogbo ìlú ń pè ní Manong Tibo, ìyẹn Ẹ̀gbọ́n Tibo. Elétí bí ewé kókò, a-rìn-gbẹ̀rẹ́ bí ẹni tó ni òkun ìlú Iloilo, ahun tí í ka ẹja gbígbẹ kó tó lọ sùn. Bí ẹ bá jókòó tì í, kí omi tó hó, ẹ ó ti gbọ́ bó ṣe gun òpó ọ̀parun lọ́jọ́ ọdún nígbà èwe rẹ̀, òpó tí wọ́n fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ kùn débi pé eṣinṣin gan-an ń yọ̀ lára rẹ̀. "Èmi nìkan ni mo dé òkè, tí mo fa àsíá yọ," ni yóò wí. Lọ́dọọdún ni òpó náà ń ga sí i.

Lọ́dún yìí, Tibo fẹ́ di Hermano, olórí ọdún ẹni mímọ́ ìlú. Hermano ló ń rìn níwájú ère, òun làwọn ọmọge ń fi òdòdó pàdé. Òun náà ló sì yẹ kó bọ́ gbogbo ìlú, àmọ́ Tibo ò tíì ronú débẹ̀.

Kí ìlú lè yàn án, ó lọ ra kámẹ́rà sinimá àtijọ́ kan lọ́wọ́ ẹni tó ń kó ẹrù kúrò nílé, ó wá ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ti bàbá bàbá òun ni.

"Fóònù ò yẹ ẹni ńlá," ló wí. "Ẹlẹ́ja ń fi fóònù yàwòrán, ẹlẹ́yin náà ń fi yà á. Fíìmù gidi lèmi ó fi ya ara mi, ìlú á sì jókòó wò mí."

Kámẹ́rà wà, fíìmù ni kò sí. Ó wá a kiri Iloilo títí bàtà rẹ̀ fi lanu. Ọlọ́jà kan ní ó ṣeé rà láti Japan. Nígbà tó dárúkọ iye rẹ̀, Tibo ní kí wọ́n bá òun wá àga.

Níkẹyìn, wọ́n júwe opó kan fún un, Manang Pasing. Manang Pasing ṣí fìríìjì, ó gbé ẹja sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fa agolo pẹlẹbẹ kan yọ nínú ọ̀rá.

"Ẹyọ kan tó kù nìyí, ṣùgbọ́n Getulio ọkọ mi wà nínú rẹ̀. Irú fíìmù yìí, àlọ àti àbọ̀ ló ń rìn, Manong. Tẹ́ ẹ bá ya apá kan tán, ẹ ó yí i, ẹ ó ya apá kejì. Èmi ni mo ya àlọ. A ò tíì ya àbọ̀ tí àwọn tó ń fọ fíìmù níhìn-ín fi kógbá wọlé."

"Kí ni Getulio ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó ń gun òpó. Ọdún tó fa àsíá yọ."

Ọdún yẹn gan-an ni Tibo ti sọ di tirẹ̀. Getulio ti kú, àwọn tó wà níbẹ̀ ti túká, àwọn kan sí Dubai, àwọn kan sí itẹ́ òkú. Ó rò pé ẹlẹ́rìí ti tán. Kò mọ̀ pé ẹlẹ́rìí wà lábẹ́ ẹja.

"Manang, ẹ gbé e wá," ló fi ohùn oyin sọ. "Àbọ̀ nìkan ni n ó yà. N ó rán an lọ fọ̀, a ó sì jọ wò ó."

"Ẹ búra."

"Mo fi ẹni mímọ́ ìlú wa búra."

Opó náà fi etí aṣọ nu omi ara agolo. "Fọ́tò rẹ̀ pọ̀ nílé, àmọ́ fọ́tò kì í mira. Ibi kan ṣoṣo tó ti ń mira nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é jẹ́jẹ́."

Tibo délé, ó rò ó. Bí èèyàn bá fi ọ̀dà tuntun kun ògiri, ṣé ọ̀dà àtijọ́ tún ń hàn ni? Ó wọ barong funfun, ẹ̀wù àwọn ọlọ́lá, ó gbé kámẹ́rà lé àna rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ní kó ya àlọ lé Getulio lórí, kó sì ya àbọ̀. Tibo ń rìn. Tibo ń kí ẹfọ̀n. Tibo ń fún aláìní ní ìrẹsì, ó sì gbà á padà nígbà tí kámẹ́rà dúró.

Ọjọ́ tó pe ìlú wá wòran gan-an ni fíìmù dé láti ibi tí wọ́n ti fọ̀ ọ́. Àlùfáà, tó ni ẹ̀rọ tó ń gbé e jáde, ní kí àwọn kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

"Fádà, ẹni ńlá kì í dán ara rẹ̀ wò," ni Tibo wí.

Wọ́n fa kọ́tìnì gbọ̀ngàn ìjọ, wọ́n ta aṣọ ibùsùn funfun sára ògiri. Manang Pasing jókòó níwájú. Tibo dìde nínú barong rẹ̀, ó wú ikọ́.

"Ẹ̀yin ará ìlú, lónìí ẹ ó fojú ara yín rí ọkùnrin tó gun òpó."

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Tibo yọ lára aṣọ, ó ń rìn gbẹ̀rẹ́. Òpó kan hù ní àárín orí rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ọgbọ́n ni. Lẹ́yìn náà ni géńdé kan bẹ̀rẹ̀ sí í gun òpó náà, ó ń gba inú ikùn Tibo lọ sókè.

"Getulio mà nìyẹn," ni arúgbó kan wí.

Nísàlẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin mìíràn rọ̀ mọ́ òpó. Ó yọ̀ wálẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ kò bá a wá. Ó fọwọ́ méjèèjì bo ìdí, ó sá wọ àárín èrò, etí rẹ̀ ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

"Etí yẹn jọ ti Manong Tibo," ni ẹlẹ́yin wí.

"Kò jọ ọ́," ni ẹlẹ́ja dá a lóhùn. "Òun ni."

Ẹ̀rín bo gbọ̀ngàn. Wọ́n ní irọ́ lè lọ fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a lọ́jọ́ kan. Ti Tibo ti lọ fún ogójì, ó ti rẹ̀ ẹ́. Tibo sáré síwájú aṣọ, ó na apá méjèèjì láti fi ara bò ó.

"Fádà, ẹ pa á, ẹ pa á!"

Ó ti gbàgbé pé aṣọ funfun ló wà lọ́rùn òun náà. Àwòrán kúrò lára ògiri, ó bọ́ sára barong, Getulio sì ń gun àyà rẹ̀ lọ. Fádà na ọwọ́ sí ẹ̀rọ.

Manang Pasing dìde. Ojú rẹ̀ kún fún omi, kò sì wo ẹlòmíràn.

"Fádà, ẹ fi í sílẹ̀. Manong Tibo, ẹ dúró jẹ́ẹ́, ẹ má mira. Ọkọ mi ò tíì dé òkè."

Tibo dúró bẹ́ẹ̀, apá rẹ̀ ṣì wà ní nínà, títí Getulio fi fa àsíá yọ.