Ẹyin Keje Tí Bọ̀ọ̀dá Oyèdòtun Sè

Ta ni nínú yín tó lè sọ fún mi ibi tí àwọn àgbà ti rí òwe tí wọ́n ń pa pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ? Mo mọ̀ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n. Àwọn olùkọ́ yín á sọ pé òwe náà ti wà kí wọ́n tó bí bàbá ńlá mi. Wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀, wọn kò sí níbẹ̀. Èmi wà níbẹ̀. Búrẹ́dì ni mo gbé lọ́wọ́.

Agbo ilé Ajíbóyè, ní Ìsẹ́yìn, ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí bàbá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ. Bàbá Láṣebíkan ni baálé wa nígbà náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dé ààfin mọ́, ó sì ní òun fẹ́ fa agbo ilé lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kí òun tó papò dà. Ẹni méjì ló tọ́ sí. Èkíní ni ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Oyèdòtun, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Amẹ́ríkà dé. Èkejì ni Ṣíjúwadé, ọmọ àbúrò bàbá wa, tí kò rìn kọjá Ìbàdàn rí, àmọ́ tó mọ ewúrẹ́ gbogbo ilé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣíjúwadé kò fi èrò rẹ̀ pamọ́. Ó ní bí òun bá di baálé, òun yóò wó ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá wa, òun yóò sì kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, nítorí ojú títì ni. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ni a sin ìyá mi sí. Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé torí ẹyin lásán ni inú ṣe ń bí mi.

Bàbá Láṣebíkan kò fẹ́ràn àríyànjiyàn. Ó ní kí àwọn méjèèjì gba àwọn àgbà ilé lálejò, kálukú ní ọjọ́ tirẹ̀. Ó ní ẹni tó bá mọ èèyàn í tọ́jú ni yóò mọ agbo ilé í tọ́jú. Ṣíjúwadé ló kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀. Ó gún iyán, ó pa òbúkọ. Àwọn àgbà jẹ ẹ́ títí oorun fi gbé wọn lọ lórí àga.

Nígbà tó kan Bọ̀ọ̀dá, mo ní kí n gún iyán tí yóò jẹ́ kí wọ́n gbàgbé ti Ṣíjúwadé. Ó rẹ́rìn-ín sí mi.

"Àbẹ̀ní, gbogbo ayé ló ń gún iyán fún wọn. Èmi yóò fún wọn ní ohun tí wọn kò jẹ rí."

Ohun tí wọn kò jẹ rí náà ni sàláàdì ẹyin. Ní Amẹ́ríkà, ilé oúnjẹ kan tí wọ́n ti ń ki oúnjẹ tútù sáàárín búrẹ́dì fún àwọn òṣìṣẹ́ ló ti ṣiṣẹ́. Ó máa ń kọ̀wé sí wa pé ọ̀gá ni òun níbi iṣẹ́. Ọ̀gá ẹyin ni, àwa kò mọ̀.

Kò le rárá, bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. A ó se ẹyin títí yóò fi le, a ó kó o sínú omi tútù, a ó bó o, a ó fi fọ́ọ̀kì fọ́ ọ, kó má kúná jù. A ó rẹ́ àlùbọ́sà eléwé wẹ́wẹ́ sí i, a ó bu máyónéèsì lé e, iyọ̀ díẹ̀, ata gígún díẹ̀, a ó rò ó pọ̀. Ó di inú búrẹ́dì. Ọmọ tó ń lọ jéléósinmi lè ṣe é.

Méje ni àwọn àgbà tó ń bọ̀, bí a bá ka Ṣíjúwadé mọ́ wọn. Bọ̀ọ̀dá ra ẹyin méje, nítorí pé ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ sọ fún un pé ẹyin kan, ẹnu kan. Ó rán mi lọ ra búrẹ́dì, ó ró aṣọ ìnura mọ́ ìdí, ó dúró ti ààrò. Àwọn ìyàwó ilé sì pé lé e lórí láti wòran. Àwọn ni wọ́n sọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fún mi. Wọ́n ní ó ní òun fẹ́ fi bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo fọ́ ẹyin lókè òkun hàn wọ́n. Ó fọ́ ọ. Ó dà sílẹ̀ gbuu.

Àwẹ̀ró, tí ẹnu rẹ̀ mú jù nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Ọkọ mi, ṣé ilẹ̀ ni wọ́n ń fọ́ ọ sí lọ́hùn-ún?"

Ó ku mẹ́fà. Ẹ̀yin tí ẹ ní làákàyè, ẹ gbọ́ o: ẹyin tí a fẹ́ fọ́ pọ̀ nínú àwo kan, ta ni yóò kà á? Ẹ̀fà ì bá tó wọn jẹ, ì bá tún ṣẹ́kù. Àmọ́ ẹnu Ṣíjúwadé ń ba Bọ̀ọ̀dá lẹ́rù. Bí Ṣíjúwadé bá gbọ́ pé ẹyin mẹ́fà ni wọ́n sè fún àgbà méje, yóò ní ahun ló fẹ́ jẹ baálé. Ojú sì ń tì í láti rán àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí wọ́n lọ ra ẹyin kan ṣoṣo wá.

Ó bá kọjá sí ẹ̀yìnkùnlé mi. Adìẹ kan ń sàba níbẹ̀ nínú agbọ̀n. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, adìẹ fi ẹnu ṣá a lọ́wọ́, ó mú ẹyin kan jáde. Lójú tirẹ̀, adìẹ tó wà lẹ́yìnkùnlé àbúrò òun, adìẹ àbúrò òun ni. Ó ti pẹ́ jù lẹ́yìn odi. Nílé wa, ẹni tó ní adìẹ lè gbé e fún ẹlòmíràn pé kó bá òun sìn ín. Bó bá pa ọmọ, àwọn méjèèjì á pín in. Kó tó pa á, kò sí ẹni tó ń fọwọ́ kan ẹyin rẹ̀, títí kan ẹni tó ń sìn ín. Ìdí nìyẹn tí a fi ń so àkísà mọ́ irú adìẹ bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀. Àkísà pupa ló wà lẹ́sẹ̀ èyí. Bọ̀ọ̀dá rí i. Ó ní òun rò pé ẹ̀ṣọ́ ni.

Bàbá Láṣebíkan ló ni adìẹ náà.

Nígbà tó kó ẹyin méjèèje sínú omi, mẹ́fà dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ nísàlẹ̀ ìkòkò. Èyí keje léfòó, ó ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Obìnrin wo ni kò mọ ohun tí ẹyin tó léfòó ń wí?

"Ọkọ mi," ni Àwẹ̀ró wí, "ẹ tún wo èyí tó ń lúwẹ̀ẹ́ yìí."

"Òun ló dára jù nínú wọn," ni Bọ̀ọ̀dá dáhùn. "Ṣé o kò rí i pé ẹ̀mí wà nínú rẹ̀?"

Àwẹ̀ró ní òun dákẹ́. Ó ní ọkọ òun ti sọ òótọ́, kí ni òun tún fẹ́ fi kún un?

Èmi ń ti ibi búrẹ́dì bọ̀, mo bá adìẹ náà pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Adìẹ tó ń sàba kì í ṣeré kiri. Gbogbo ìyẹ́ ara rẹ̀ ló dìde, ó ń ké bí ẹni tó ń wá ọmọ. Mo sáré wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn àgbà ti jókòó, Bọ̀ọ̀dá dúró níwájú wọn pẹ̀lú ẹyin méje nínú abọ́ omi tútù. Ìṣojú wọn ló ti fẹ́ bó o, kí wọ́n lè rí ọwọ́ iṣẹ́.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ níta."

"Gbé búrẹ́dì kalẹ̀, Àbẹ̀ní."

"Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fi falẹ̀."

"Ṣé o kò rí àwọn àgbà ni? Gbé búrẹ́dì kalẹ̀."

Mo gbé búrẹ́dì kalẹ̀. Kí ni àbúrò tún lè ṣe?

N kò ní í purọ́ mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ yá sí iṣẹ́ náà. Ó bó mẹ́fà, wọ́n funfun bí òwú. Ó fọ́ wọn, ó rẹ́ àlùbọ́sà, ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, òórùn rẹ̀ gba inú ilé. Bàbá Láṣebíkan ń mi orí, ojú Ṣíjúwadé rọ̀ wálẹ̀. Ká ní ó dá a dúró síbẹ̀, àwa la ni ilé.

Ó gbé èyí keje sókè. "Èyí, ti Bàbá ni. Mo yà á sọ́tọ̀ fún wọn, n kò fẹ́ dà á pọ̀ mọ́ ti ẹnikẹ́ni."

Òótọ́ ló sọ. Ti Bàbá ni.

Ó kan án mọ́ etí abọ́, ó ṣí èèpo. Ìyẹ́ ló kọ́kọ́ yọ, dúdú, ó lẹ̀ mọ́ ara. Lẹ́yìn náà la rí ẹnu ṣóńṣó. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀. Bọ̀ọ̀dá wò ó títí, ó ní, "Ó jọ pé ó ti jinná jù."

Ibẹ̀ ni ìyá ọmọ wọlé. Ó gba àárín àwọn àgbà kọjá, ó wá dúró síwájú Bàbá Láṣebíkan pẹ̀lú àkísà pupa lẹ́sẹ̀, bí ẹni tó wá fi ẹjọ́ sùn.

"Àbẹ̀ní," ni Bàbá wí, "ṣé adìẹ tí mo gbé fún ọ kọ́ nìyí?"

Mo kúnlẹ̀. "Òun ni, Bàbá."

Ó yíjú sí Bọ̀ọ̀dá, ó fi oríkì pè é. "Àlàó, ta lo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Bàbá, ẹyin kan ṣoṣo ni. Màá ra kíréètì kan fún yín lọ́la."

Mo di ojú mi.

"Ẹyin kọ́ lo sè. Òròmọdìẹ lo sè, tó ku díẹ̀ kó jáde wá kí wa. Ì bá di adìẹ, ì bá yé, ì bá sàba, àwọn ọmọ rẹ̀ náà ì bá yé. Gbogbo wọn lo kó sínú ìkòkò. Kíréètì mélòó lo fẹ́ rà?"

"Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń tẹ ọjọ́ sára ẹyin, Bàbá."

"Níhìn-ín, a máa ń béèrè."

Ṣíjúwadé fa àwo sàláàdì mọ́ra, ó gé búrẹ́dì mi, ó bu díẹ̀ sí i, ó tọ́ ọ wò. "Kò burú," ló wí. "Iyọ̀ ló kù díẹ̀ káàtó." Ó bu iyọ̀ sí i. Ó wá ń dọ̀bálẹ̀ gbé e fún àwọn àgbà níkọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé òun ló sè é. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n lá ìka. Sàláàdì ẹ̀gbọ́n mi ni Ṣíjúwadé fi jẹ baálé.

Bàbá Láṣebíkan gbé adìẹ rẹ̀ sábẹ́ abíyá. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ló pa òwe náà, tí gbogbo ilé gbọ́, tí òde sì bá wa gbọ́.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti wó ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fóònù ni wọ́n ń tà lórí ìyá mi báyìí. Bí mo bá lọ kí i, ọmọ tó ń tajà á ní, "Màmá, kí lẹ fẹ́ rà?"

Ẹ wá bá mi ka ohun tó tẹ̀lé ẹyin mẹ́fà náà. Òròmọdìẹ tó kú. Ìyá rẹ̀ tó kọ̀ tí kò sàba mọ́. Ẹyin tó kù lábẹ́ rẹ̀ tó bàjẹ́. Oyè baálé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá mi. Sàréè ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n mi tó padà sí Amẹ́ríkà láì dágbére. Àti Ṣíjúwadé, ọmọ tí mo pọ̀n, tí mò ń kúnlẹ̀ kí láràárọ̀. Ẹ sọ fún olùkọ́ yín pé kó wá kà á fúnra rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.