Ọwọ́ Ta Ló Ń Fẹ́ Atẹ́gùn sí Ìyàwó Káfíńtà?

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá tó jẹ́ pé inú fóònù ni wọ́n gbé e sí wá. Káfíńtà ló pe ẹjọ́, Onífọ́tò ló pè lẹ́jọ́. Ìyàwó Káfíńtà jókòó sáàárín àwọn méjèèjì, ó gbé fóònù lé itan, ó ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọba wà lórí ìtẹ́, olorì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn olóyè mẹ́fà sì tò sórí bẹ́ǹṣì.

"Káfíńtà, kí ló dé?" ni ọba bi í.

"Kábíyèsí, ọwọ́ kan wà nílé mi tí kì í ṣe tèmi."

"Ọwọ́ báwo?"

"Ọwọ́ ọkùnrin ni. Ó ti lo ọjọ́ méjìdínlógún báyìí. Tọ̀sán-tòru ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìyàwó mi."

Olóyè àgbà, tí oorun ti fẹ́ gbé lọ, la ojú. "Ọwọ́ nìkan? Ara tó kù ńkọ́?"

"Ara tó kù, tèmi ni, bàbá."

Ọba ní kí wọ́n gbé fóònù náà wá. Gbogbo àwa tó wá wòran na ọrùn. Nínú fọ́tò náà, ìyàwó Káfíńtà jókòó sórí àga lókè ìkùukùu, bí ẹni tó jókòó sí pálọ̀. Òṣùpá wà lẹ́yìn rẹ̀, ó tóbi bí ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹja pupa mẹ́ta dúró sójú afẹ́fẹ́ nítòsí etí rẹ̀. Káfíńtà dúró lẹ́yìn àga pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ ìyẹ́ funfun. Gbogbo rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́ bíi fọ́tò tí wọ́n gbé kọ́ ògiri, àfi ọwọ́ tó mú abẹ̀bẹ̀. Ọwọ́ yẹn ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò sinmi.

"Irú fọ́tò wo nìyí?"

Onífọ́tò onírùngbọ̀n dìde, ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe. "Fọ́tò abẹ̀mí ni, Kábíyèsí. Màá ya fọ́tò, màá ya fídíò, màá wá gé ibì kan nínú fídíò lẹ̀ mọ́ fọ́tò. Ibi tí mo bá lẹ̀ mọ́ ọn nìkan ló máa mì. Ìkùukùu yẹn, ooru omi gbígbóná inú kẹ́tù ìyá mi ni. Inú àpótí gíláàsì dókítà eyín ni mo ti rí ẹja."

"Ọwọ́ ńkọ́?"

"Ọwọ́, mo yá a ni."

"Lọ́wọ́ ta?"

"Lọ́wọ́ ẹni tí kò lò ó."

Àwọn olóyè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wo ọwọ́ ara wọn.

Ọba yíjú sí Káfíńtà. "Ṣé fọ́tò lo wá ń jowú?"

"Kábíyèsí, fọ́tò ò bá mi jà. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo ní ó rẹ̀ mí, ìyàwó mi á gbé fóònù sókè, á ní, 'Wo ẹlẹgbẹ́ rẹ, kò tíì rẹ òun.' Inú ṣọ́ọ̀bù ni mò ń sùn báyìí, láàárín pákó. Tí ọwọ́ yẹn ò bá kúrò, èmi ò padà sílé."

"Ìyàwó, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Kábíyèsí. Èmi ò lé e. Ọwọ́ yẹn kì í ráhùn ni."

"Onífọ́tò, kí ló dé tí o ò ya ọwọ́ ẹni tó ni ìyàwó?"

"Kábíyèsí, mo gbé kámẹ́rà lé orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo ní kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí ìyàwó wọn títí màá fi ka ení dé ẹ̀wá. Wọ́n ti ọwọ́ bọ àpò. Mo ní, 'Bọ̀dá, ẹ yọ ọwọ́.' Wọ́n ní ibẹ̀ ló ń gbé."

Lóòótọ́, títí di àkókò yẹn, ọwọ́ ọ̀tún Káfíńtà wà nínú àpò.

"Káfíńtà, iwájú ọba lo wà o," ni olóyè àgbà wí.

"Òtútù ló ń mú un, bàbá." Òógùn sì ń ṣàn lójú rẹ̀.

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Onídìrí, tó ń gbé ní òdìkejì títì sí ilé Káfíńtà, ló kọ́kọ́ bọ́ síta.

"Kábíyèsí, mo ti wo ọwọ́ yẹn dáadáa. Ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ni. Ó gún, ó ń dán. Oníbàárà mi méje ló ti gbé e sí fóònù wọn."

Ọba rẹ́rìn-ín. "Ẹlẹ́rìí gidi nìyí. Ẹ fún un lómi tútù."

Télọ̀, ẹlẹ́rìí kejì, ò jẹ́ kó mu omi náà tán. "Irọ́ ni, Kábíyèsí. Èmi tí mò ń wọn apá ènìyàn lójoojúmọ́, mo mọ ọwọ́ arúgbó. Awọ rẹ̀ ti hunjọ. Ọwọ́ ọ̀lẹ sì ni, kò gbé ohun tó wúwo ju ṣíbí lọ rí."

"Ta ló bi ẹ́ léèrè ọ̀lẹ?"

"Ẹ ní kí n jẹ́rìí ni, Kábíyèsí."

"Jẹ́rìí sí ọjọ́ orí, kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀."

"Ọ̀lẹ ni o, Kábíyèsí," Onídìrí gbà, "ṣùgbọ́n ọ̀lẹ tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí."

Olóyè àgbà gbé fóònù súnmọ́ imú. "Ìka tó kéré jù níbẹ̀ wọ́," ó ní. "Ó tẹ̀ bí ìwọ̀." Ó gbójú sókè díẹ̀díẹ̀, ó wo orí ìtẹ́. Ọba ti ti ọwọ́ tirẹ̀ bọ abẹ́ aṣọ.

Ó wá di ọkùnrin méjì tó fi ọwọ́ pamọ́ níwájú wa.

"Olóyè, ìkùukùu yẹn ò jẹ́ kí ẹ ríran," ni ọba wí.

Olorì gba fóònù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wò ó. "Mo mọ ọwọ́ yìí. Ó ti ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ mi láti ọgbọ̀n ọdún. Kò fẹ́ atẹ́gùn sí mi rí."

Onífọ́tò dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí, ẹ dárí jì mí. Ọjọ́ tí ẹ ṣí ilé ìkàwé, mo ya fídíò ibi tí ẹ ti ń juwọ́ sí wa. Mo rí i pé tí ènìyàn bá fi abẹ̀bẹ̀ sí i, ó parí. Mo nu ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ kúrò, mo gé e wálẹ̀."

"O gé ọwọ́ ọba."

"Láti ọrùn ọwọ́ nìkan ni, Kábíyèsí."

Káfíńtà ń wo ọba. Ọba ń wo òkè àjà. "Ilé ìkàwé ni mò ń juwọ́ sí o, Káfíńtà. Mi ò mọ̀ pé ìyàwó rẹ wà níbẹ̀."

"Ta ló máa wá dájọ́ báyìí?" ni olóyè àgbà bèèrè. "Ọba ò lè dá ẹjọ́ ọwọ́ ara rẹ̀."

"Èmi," ni olorì wí. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Ó kọjú sí ìyàwó Káfíńtà. "Ṣé ọwọ́ ọba lo fẹ́?"

"Rárá o, màmá. Kábíyèsí, ẹ má bínú. Ọwọ́ ọkọ mi ni mo ní kí wọ́n yà. Mò ń gbé fóònù sí i lójú kí inú lè bí i, kó yọ ọwọ́ síta ni. Ọdún kejì rèé, ibi iṣẹ́ nìkan ló ti ń yọ ọ́."

"Káfíńtà, kí ló wà níbẹ̀?"

"Ìka mẹ́ta ni, màmá. Ẹ̀rọ ìrẹ́gi mú méjì. Mo wo òṣùpá tí Onífọ́tò fẹ́ fi sẹ́yìn wa, mo ní irú ọwọ́ yìí ò yẹ níbẹ̀."

"Oṣù mẹ́ta ni mo fi di egbò yẹn láràárọ̀," ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́. "Ta ló sọ fún un pé mi ò mọ iye ìka tó ṣẹ́kù?"

Olorì nu ojú, ó sì dá ẹjọ́.

"Ọwọ́ ọba ti ṣiṣẹ́ ọjọ́ méjìdínlógún nílé onílé. Yóò ṣe iye ọjọ́ kan náà nílé ara rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ wà nínú yàrá mi."

"Olorì, wọn ò pe ẹjọ́ mi."

"Mo ti pè é báyìí. Káfíńtà, níhìn-ín lo máa ti yọ ọwọ́ rẹ, tí wàá fẹ́ atẹ́gùn sí ìyàwó rẹ, òun ni wọ́n máa lẹ̀ mọ́ fọ́tò. Ilé lo máa sùn lónìí. Ìwọ Onífọ́tò, bí o bá ti ń yà á, ìka tó ń tẹ kámẹ́rà nìkan ló gbọ́dọ̀ mì lára rẹ. Bí nǹkan mìíràn bá mì, ẹnu rẹ ni o, ìpéǹpéjú rẹ ni o, a ó gé irùngbọ̀n rẹ lẹ̀ mọ́ olóyè àgbà."

Olóyè àgbà fọwọ́ pa àgbọ̀n rẹ̀ tí kò nírun, ó ní ìdájọ́ náà tọ́.

Wọ́n gbé kámẹ́rà kalẹ̀, wọ́n mú abẹ̀bẹ̀ olorì wá. Káfíńtà fa ọwọ́ rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fa ìṣó kúrò lára pákó tí kò fẹ́ kó fọ́. Ìka mẹ́ta di abẹ̀bẹ̀ mú. Abẹ̀bẹ̀ náà kọ́kọ́ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wá tọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Eṣinṣin bà lé imú Onífọ́tò, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ ló ti dára, gbogbo wa la rí i. Ṣùgbọ́n ìyàwó Káfíńtà fẹ̀yìn ti àga, ó di ojú, ó ní kò tíì dára tó, kí wọ́n tún un yà. Nígbà tí mo máa fi kúrò láàfin, wọ́n ti yà á lẹ́ẹ̀méje, Káfíńtà ò sì bèèrè lẹ́ẹ̀kan bóyá ó ti tó.