Sámúẹ́lì Méjì àti Ilé Tó Wẹ̀wù

Ẹ̀yin ará, ta ni nínú yín tó mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ? Àwọn kan á ní ìwà ìdílé ni wọ́n ń wí. Rárá o. Ògiri ni wọ́n ń wí.

Díákónì Láoyè, ará Òkehò, ló fà á. Ọdún méje ló fi kúnlẹ̀ bíi Hánà nítorí aya Tìmótì, ọmọ rẹ̀. Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí Olúwa bá fún wọn lọ́mọkùnrin, òun fúnra òun ni yóò sọ ọ́ ní Sámúẹ́lì lọ́jọ́ kẹjọ. Ẹnikẹ́ni kò ní gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ òun.

Ọlọ́run gbọ́. Wọ́n bí ọmọ náà ní Ṣakí, Tìmótì náà sì múra gírí. Ilé àtijọ́ ló ń gbé, ògiri rẹ̀ a mu oòrùn láàárọ̀, a sì pọ̀ ọ́ sínú yàrá lọ́sàn-án. Ó ní ooru yẹn kò ní se ọmọ òun. Kí ọjọ́ kẹjọ tó pé, ó ti fi fóòmù líle bo ògiri láti ìta, ó sì kan pákó dídán lé e yíká. Kò sọ fún bàbá rẹ̀. Ó fẹ́ kó yà á lẹ́nu.

Ó sì yà á lẹ́nu. Díákónì dé tòun ti oyin àti iyọ̀. Ilé tó mọ̀ pupa, ó sì sán. Ó wo ilé onípákó, ó ní òtẹ́ẹ̀lì nìyẹn, ó kọjá. Ilé tó tẹ̀ lé e pupa, ó sán, ọmọ sì ń ké níbẹ̀. Ó dúpẹ́, ó wọlé.

Obìnrin kan ló gbé ọmọ dání. Díákónì rò pé àbúrò ìyàwó ni. Ó gba ọmọ, ó dijú, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tèmi…”

“Ẹ má dá àdúrà dúró, ìyá. Ọdún méje ni Sátánì fi dí wa lọ́wọ́, kò ní dí wa lónìí.”

Ọmọ náà wúwo. Ó ní oore Olúwa ló wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ó fi oyin tọ́ ọ lẹ́nu, ọmọ gé e jẹ níka. Díákónì fò sókè, ó yin Ọlọ́run: ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, eyín mẹ́jọ, ọ̀kan fún ọjọ́ kan. Ó kígbe “Sámúẹ́lì” lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo àdúgbò gbọ́, àfi ilé Tìmótì, nítorí fóòmù tó lé ooru ti lé ohùn náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo ọ̀nà, tí ìyá ìyàwó ń sọ pé òun náà ní orúkọ lẹ́nu.

Lẹ́yìn àmín, ọmọ bọ́ sílẹ̀, ó sáré lọ bá ìyá rẹ̀.

“Bàbá,” obìnrin náà rọra sọ, “Wúràọlá lorúkọ rẹ̀. Ó ti pé oṣù méjìdínlógún. Obìnrin sì ni. Ṣé ilé Tìmótì lẹ ń wá? Òun ni ilé onípákó yẹn.”

Díákónì yadi bíi Sakaráyà. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Ó kó oyin tó kù, ó wọ ilé onípákó, ó bá ìyá ìyàwó níbi tó ti ń la ẹnu. Ó gba ọmọ. Lọ́tẹ̀ yìí kò dijú: ó wo ẹ̀rìgì, ó tú ìlédìí wò, kó tó sọ ọ́ ní Sámúẹ́lì.

Àmọ́ orúkọ tí a ti fi àdúrà sọ kì í padà sẹ́yìn. Títí di òní, bí wọ́n bá pe Sámúẹ́lì ládùúgbò yẹn, Wúràọlá ló ń sáré jáde. Ọmọ Tìmótì wà lẹ́yìn fóòmù, kò gbọ́ nǹkan kan.

Àdúrà dára, ẹ̀yin ará, mo fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.