Irùngbọ̀n Télọ̀ àti Ẹ̀rọ Tó Ń Wo Ọ̀fun

Télọ̀ kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bọ́tìnì kejì jókòó síwájú dókítà obìnrin tó ń kun aláìsàn lóorun. Ipákè ló gbé e wá fún iṣẹ́ abẹ. Ìyàwó rẹ̀ ń dúró dè é lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Bàbá, ọgbọ́n àtọwọ́dá ló wà nínú ẹ̀rọ yìí. Tó bá wo ojú yín, á sọ bóyá ó máa nira láti ki rọ́bà tẹ́ ẹ máa fi mí bọ ọ̀fun yín tẹ́ ẹ bá ti sùn."

"Ó ń wo ojú mọ ọ̀fun? Bí ìyá ìyàwó mi ṣe wò mí nìyẹn, ó ní mo máa jẹun púpọ̀. Kò sì purọ́."

Dókítà ya fọ́tò. Ẹ̀rọ dún.

"Ó ní kò ní nira rárá."

"Ẹ ò rí i! Ó mọ ojúlówó." Télọ̀ ti dìde.

"Ẹ jókòó, bàbá. Irùngbọ̀n ló rí, ó wá rò pé àgbọ̀n wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣé ó wà níbẹ̀?"

"Ta ló ń kan páànù sórí ilé tí kò ní ògiri?"

"Bàbá."

Télọ̀ wo ilẹ̀kùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ mi, nígbà tí Ọlọ́run ń gé àgbọ̀n, kó tó kàn mí, aṣọ ti ku péńpé."

"Irú àgbọ̀n bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń dínà mọ́ rọ́bà! Ẹ jẹ́ ká fá a, ká yẹ̀ yín wò dáadáa."

"Ká fá kí ni? Irùngbọ̀n yìí ni ìyàwó mi fẹ́! Èmi kàn tẹ̀ lé e wọlé ni."

"Kò rí àgbọ̀n yín rí?"

"Láéláé. Àkọ́bí wa ò ní àgbọ̀n, ìyá ẹ̀ ń béèrè pé ta lọmọ yìí jọ. Mo ní àbúrò ìyá ẹ̀ ló jọ."

Dókítà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó wúkọ́ díẹ̀.

"Àmọ́ ẹ̀rọ yín ní kò ní nira," ni télọ̀ tún wí. "Àbí ẹ gbọ́n jù ú lọ?"

"Bàbá, tí èémí yín bá há, ẹ̀rọ kọ́ ló máa jáde lọ ṣàlàyé fún ìyàwó yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ télọ̀ lára. Ó fi ọwọ́ méjèèjì pa irùngbọ̀n rẹ̀ lára bí ẹni tó ń sin arìnrìn-àjò sọ́nà.

"Ó dáa. Ẹ fá a. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ pe ìyàwó mi wọlé."

"Kó lè di ọwọ́ yín mú?"

"Rárá o. Òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kùn lóorun."