Jíìpù Tó Ń Kúnlẹ̀ Kí Àna

Ta ló mọ̀ nínú yín, ìdí tí àwọn àgbà fi máa ń wí pé afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ?

Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni. Ẹnì kan á sì tún dìde báyìí pé òwe náà ti wà kí òyìnbó tó gbé mọ́tò dé. Ó dára. Ṣé o wà níbẹ̀? Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ kó jókòó, kó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ mi. Ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀rù ló kún inú rẹ̀. Bí mo bá rántí rẹ̀, àyà mi ṣì máa ń já.

Ọkùnrin kan wà ní Òṣogbo tó ń jẹ́ Láwuyì. Pákó ló ń tà, ó sì ní jíìpù dúdú kan tó ń gbé gẹ̀gẹ̀ bí ẹyin. Jíìpù yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ mọ́tò tèmi tìrẹ. Kò ní sípírìń onírin lábẹ́. Láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é ni wọ́n ti fi àpò rọ́bà mẹ́rin sí ìdí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀rọ kékeré kan ló sì ń fẹ́ atẹ́gùn sínú wọn. Orí atẹ́gùn ni gbogbo irin gbàǹgbà yẹn jókòó lé. Bí Láwuyì bá tẹ bọ́tìnnì kan, mọ́tò á rọra lọ sílẹ̀. Bó bá tún un tẹ̀, á dìde.

Kí ni Láwuyì wá ń fi í ṣe? Bó bá ti dé ilé àwọn àna rẹ̀ ní abúlé Agbégi, tó bá ti dọ̀bálẹ̀ tán, á na ọwọ́ wọ inú mọ́tò, á tẹ bọ́tìnnì, jíìpù náà á sì máa fi ìdí lélẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níwájú Màmá Àyọ̀ká, ìyá ìyàwó rẹ̀. Á ní, “Màmá, mọ́tò náà ń kí yín.” Màmá á sì súre fún mọ́tò. Irin ló ń súre fún o. Gbogbo Agbégi ló mọ̀ pé ọmọ Màmá Àyọ̀ká fẹ́ ọkọ tí mọ́tò rẹ̀ mọ̀wàá hù.

Àfi bó ṣe di àárọ̀ ọjọ́ kan tí Láwuyì jí, tó bá jíìpù tó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan jókòó bí ewúrẹ́ tí wọ́n sọ lókò. Àpò kan ti ya. Ó pe Bùsàrí mekáníìkì. Bùsàrí yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, ó ní kó ra àpò tuntun, tàbí kí wọ́n kúkú kó gbogbo rẹ̀ kúrò, kí wọ́n fi sípírìń onírin sí i, kí ọkàn oníkálukú balẹ̀. Láwuyì bi í bóyá sípírìń onírin lè kúnlẹ̀. Bùsàrí wò ó títí, ó ní irin kì í kúnlẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti há Láwuyì lọ́fun. Tuntun wọ́n bí ojú, irin kò sì mọ àna í kí. Ó ṣáà ń fi ẹ̀rọ fẹ́ atẹ́gùn sí àpò tó ya náà, mọ́tò á dìde fúngbà díẹ̀, á tún jókòó. Ibi tó ti ń rò ó síwá, tó ń rò ó sẹ́yìn, ni Wúràọlá ìyàwó rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan láti mú sálúbàtà Ìrètí ọmọ wọn tó bọ́ sábẹ́ mọ́tò náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ọwọ́ rẹ̀ jáde ni jíìpù sọ ìdí mọ́lẹ̀ gbì. Sálúbàtà di pẹlẹbẹ. Wúràọlá wo sálúbàtà, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní òun ò bá a jà, ṣùgbọ́n bí kò bá pààrọ̀ àpò yẹn, òun àti ìyá òun kò ní sún mọ́ mọ́tò náà mọ́ láyé. Láwuyì búra fún un pé òun máa pààrọ̀ rẹ̀.

Kò pààrọ̀ rẹ̀. Ó gbé àpò náà lọ bá Tàfá fọkanáísà ní ìkóríta. Ẹ̀yin náà ẹ mọ àwa èèyàn yìí, ohunkóhun tó bá ti ń gba atẹ́gùn sínú, a ti gbà pé fọkanáísà ló ni ín. Tàfá gé túùbù tírélà, ó fá a, ó kun gọ́ọ̀mù sí i, ó fi iná lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpò náà pinpin, ó ní kó máa lọ, kò sí ohun tó máa ṣe é. Láwuyì délé, ó ní, “Mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Tuntun gbáà ni.” Wúràọlá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gún iyán fún un.

Láwuyì jẹ iyán náà tán. Àtọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti wọ̀ ọ́ lára. Èèyàn lè pa irọ́ kéékèèké fún ìyàwó kó sì sùn, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ìyàwó àti ọmọ jókòó lórí lẹ́ẹ̀ túùbù, oorun wo ló fẹ́ sùn? Kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa, á ti jáde lọ wo ìdí mọ́tò. Bó bá ń wà á lọ, etí rẹ̀ á wà lẹ́yìn, á máa gbọ́ bóyá nǹkan ń ṣe ṣíìì. Lọ́jọ́ kan Wúràọlá bi í pé kí ló ń dún bí ẹni ń súfèé lábẹ́ àga òun. Ó ní ìrẹ̀ ni. Wúràọlá ní ìrẹ̀ wo ló ń bá mọ́tò sáré? Láwuyì gbé rédíò sókè.

Kò pẹ́ sí i ni Màmá Àyọ̀ká ránṣẹ́ pé àwọn àbúrò òun ti Ìkìrun dé, wọ́n sì fẹ́ fojú ara wọn rí mọ́tò tó ń kí èèyàn. Láwuyì ní inú ń run òun. Wúràọlá fún un ní àgbo, ó ní kí wọ́n máa lọ. Ẹ̀rù kò jẹ́ kó lè sọ òótọ́, ìtìjú kò sì jẹ́ kó lè jókòó sílé. Gbogbo kòtò tí wọ́n bọ́ sí lójú ọ̀nà ló ń bá Olúwa sọ̀rọ̀ lé lórí.

Nígbà tí wọ́n dé Agbégi, àwọn ìyá àgbà ti to ara wọn sórí bẹ́ǹṣì. Láwuyì dọ̀bálẹ̀, ó na ọwọ́ wọ inú mọ́tò, ó tẹ bọ́tìnnì. Jíìpù kúnlẹ̀. Àwọn ìyá pàtẹ́wọ́. Ó tún un tẹ̀. Igun mẹ́ta dìde, ìkẹrin ń rò ó bóyá kí òun dìde. Nígbà tó wá dìde, Láwuyì mí kanlẹ̀, ó rò pé ó ti tán.

Kò tíì tán. Inú Màmá dùn débi pé ó mú àgbébọ̀ adìyẹ kan, kí ọkọ ọmọ òun gbé e lọ sílé. Ibi tó ti ń so ó lẹ́sẹ̀ ni adìyẹ ti já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó di abẹ́ jíìpù. Láwuyì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, òun máa mú un. Màmá ní ta ló máa gbọ́ pé àna òun ń rákò lé adìyẹ nínú ọgbà òun? Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ìyá arúgbó náà ti dojú bolẹ̀, ó ti wọ́ wọ abẹ́ mọ́tò, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló kù síta.

Ìgbà yẹn ni Láwuyì gbọ́ ọ. Ṣíìì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rù ju ẹ̀rù lọ. Gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, Láwuyì nìkan ló mọ̀ pé túùbù tírélà ló gbé mọ́tò náà dúró lórí ìyá ìyàwó òun. Bó bá sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ wọlẹ̀ ní Agbégi títí ayé. Bó bá dákẹ́, èmi ò fẹ́ fi ẹnu mi dárúkọ ìyẹn. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ ní kí Màmá jáde. Màmá fèsì láti ìsàlẹ̀ pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dì í mú, kó ní sùúrù. Igun ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Wúràọlá wo ojú ọkọ rẹ̀, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

“Bàbá Ìrètí,” ó ní, “ṣebí tuntun ni?”

Láwuyì ju ara rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja. Àwọn ìyá orí bẹ́ǹṣì rò pé ó tún ń kí àwọn ni, wọ́n ní, á dára fún un, kó dìde. Kò dìde. Ó na ọwọ́, ó gbá ọrùn ẹsẹ̀ ìyá ìyàwó rẹ̀ mú. Ẹ gbọ́ mi o, ọrùn ẹsẹ̀ àna! Ó ń fà á, ó ń sunkún, ó ní, “Màmá, ẹ jáde. N kò pààrọ̀ rẹ̀. Irọ́ ni mo pa fún Wúràọlá. Lẹ́ẹ̀ ni, Tàfá ló bá mi lẹ̀ ẹ́.”

Ó fa Màmá jáde, gèlè lọ́tọ̀, bàtà lọ́tọ̀. Orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ irin ni lẹ́ẹ̀ Tàfá ṣí. Gbòlà! Jíìpù bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó, gbogbo atẹ́gùn inú àpò sì tú síta. Adìyẹ tó fi ìdí sí àpò náà ló bá. Ó gbé e jáde lábẹ́ mọ́tò, ó sọ ọ́ síwájú bẹ́ǹṣì àwọn ìyá. Ibẹ̀ ni adìyẹ dúró sí, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, gbogbo ìyẹ́ ìdí rẹ̀ ti ṣí lọ sórí, atẹ́gùn tó kù sì ń fẹ́ lé e, kò jẹ́ kó rí ìyẹ́ fi bò ó. Kò sẹ́ni tí kò rí i.

Lẹ́ẹ̀ túùbù náà ti bá adìyẹ fò jáde. Wúràọlá mú un nílẹ̀, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó wo ìyá rẹ̀ tó wà láàyè, ó bú sẹ́kún. Láwuyì ṣì dọ̀bálẹ̀, omijé àti eruku ti di ẹrẹ̀ lójú rẹ̀. Kò lè wo ẹnikẹ́ni.

Màmá Àyọ̀ká gbọn erùpẹ̀ lórí, ó wo ọkọ ọmọ rẹ̀, ó wo adìyẹ.

“Láwuyì, dìde ńlẹ̀,” ó ní. “Kí lo tún ń bò? Afẹ́fẹ́ ti fẹ́.”

Àwọn ẹbí jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan ní kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó yọ àgbà lẹ́nu ikú, àwọn kan ní kí wọ́n bá ẹni tó wọ́ àna rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ wí. Wọn ò tíì parí rẹ̀ dòní. Bùsàrí kó gbogbo àpò rọ́bà kúrò, ó fi sípírìń onírin sí i. Jíìpù kì í kúnlẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá dé Agbégi báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni Láwuyì ń dọ̀bálẹ̀, ọ̀kan fún ara rẹ̀, ọ̀kan fún mọ́tò.

Nítorí náà, ẹni tó bá tún sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni òwe yìí, ẹ ní kó lọ bi àwọn ìyá orí bẹ́ǹṣì. Afẹ́fẹ́ fẹ́ lóòótọ́, wọ́n sì rí fùrọ̀ adìyẹ.