Èkejì Ni Mo Fẹ́

Ọmọbìnrin méjì péré ni Bàbá Ẹ̀kẹfà bí, ní abúlé kan létí odò Mekong, ní gúúsù Vietnam. Èkejì ni wọ́n ń pe àgbà, Ẹ̀kẹta ni wọ́n ń pe àbúrò, nítorí àwọn ará ibẹ̀ kì í pe ọmọ kankan ní Èkíní. Orí eéjì ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí ka ọmọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá nà gbalaja sínú àwọ̀n tí wọ́n so mọ́ òpó ilé méjì, ó ń gbọ́ bí Èkejì ṣe ń fi ọ̀bẹ bá ẹja jà nílé ìdáná, ó sì ń bẹ ọ̀run pé kí ọkùnrin kan ṣáà wá gbé e, kí òun lè jẹun ní àlàáfíà kí òun tó kú. Àfi bí ọmọ Japan kan tó ń jẹ́ Tomoya ṣe yọ lẹ́nu ọ̀nà, tó bọ́ bàtà, tó tẹríba. Oṣù mẹ́jọ ló ti fi kọ́ èdè Vietnam. Bíi Yorùbá ni èdè náà rí, bí èèyàn bá ṣi ohùn gbé, nǹkan mìíràn ló sọ yẹn. Tomoya kì í sì í gbé ju ẹyọ kan tọ̀nà nínú mẹ́wàá.

“Ẹ káàsán o, bàbá. Ìyà mi ní kí n kí yín.”

Bàbá dìde jókòó. “Ìyà rẹ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyà mi kí yín gan-an ni.”

“Hẹn-ẹn. Mo kí òun náà. Ìyà wo ló ń jẹ ọ́, ọmọ mi?”

“Rárá o, kì í jẹ mí! Ìyà mi ló máa ń fún mi lóúnjẹ.”

“Ìyà ló ń fún ọ lóúnjẹ?”

“Láti kékeré. Ìyà ló bí mi, ìyà ló tọ́ mi dàgbà. Ìyà mi ti pé ọdún márùndínláàádọ́rin báyìí.”

Bàbá wò ó látòkè délẹ̀. “Ìwọ tí o ò tíì pé ogójì? Ó ti wà nílẹ̀ dè ọ́ kí wọ́n tó bí ọ nìyẹn.”

“Ó ti wà tipẹ́. Bí ẹ bá gbà, ìyà mi fẹ́ wá bá yín gbé fún ọ̀sẹ̀ méjì.”

“Lọ́dọ̀ ta? Kó jókòó sí Japan rẹ̀, jàre! Èyí tó wà nílé ìdáná yẹn ti tó mi.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Tomoya. Ó fa ìwé pélébé kan yọ lápò, ó wò ó, ó tún un ká. “Ìyà. Obìnrin tó bí mi.”

“Ìyá!” Bàbá lu itan. “Ìyá lò ń wí! O ò tètè sọ̀rọ̀.”

“Ohun tí mo sọ náà nìyẹn.”

Bàbá nawọ́ sábẹ́ tábìlì, ó gbé ọtí ìrẹsì jáde pẹ̀lú ife kékeré kan ṣoṣo. Ó mu tirẹ̀, ó tún bu ìdajì sínú ife náà, ó gbé e fún àlejò.

“Bàbá rẹ ńkọ́? Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?”

Tomoya na àyà síwájú. Ìdáhùn yìí gan-an ló ti ń sọ níwájú dígí láti ọjọ́ mẹ́ta. Ó fẹ́ sọ pé bàbá òun ní oko ńlá, àmọ́ ó gbé ohùn sókè níbi tó yẹ kó fi í sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ níwájú àna.

Ikọ́ gbé Bàbá. Ó bojú wo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. “Rọra, rọra! Obìnrin wà nílé.”

“Ṣé kí n má sọ ọ́ ni? Gbogbo ìlú wa, Okayama, ló mọ̀ ọ́n. Bí ooru bá ti mú, ńṣe ni àwọn àgbàlagbà máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin wá wò ó.”

“Wọ́n ń wọkọ̀ wá wò ó?”

“Wọ́n tún máa ń ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. Bàbá bàbá mi ló ni ín tẹ́lẹ̀.”

“Òun ló ni ín tẹ́lẹ̀ báwo?”

“Nígbà tó kú, bàbá mi jogún rẹ̀. Àjàrà ni wọ́n gbìn sí i.”

Bàbá di ojú, ó rò ó, ó tún un rò. Nígbà tó yá, ó la ojú. “Oko! Ìwọ ọmọ yìí! Oko!”

“Ohun tí mo sọ náà nìyẹn.”

“Gbé ife yẹn wá. Kí ló tilẹ̀ gbé ọ dé ilé mi?”

Tomoya kúnlẹ̀ lórí ẹní. “Bàbá, mo fẹ́ jẹ́ ọkọ̀ ọmọ yín.”

“Ọkọ̀?” Bàbá na ọwọ́ sí etí odò. “Ọmọ mi ní ọkọ̀. Ó ń jò díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń lọ.”

“Èmi ò ní í jò. Nínú òjò, nínú oòrùn, màá gbé e dé ibi tó bá ń lọ.”

“Ta ni yóò máa tù ọ́?”

“Òun náà ni. Kó máa tù mí síbi tó bá wù ú.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Bàbá. “Ọkọ lò ń wí! O fẹ́ fẹ́ ọmọ mi!” Lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rín náà tán. Àwọn tó ń wá bi í léèrè Ẹ̀kẹta pọ̀ bí ẹ̀fọn. Ti Èkejì, ọdún mẹ́sàn-án rèé, kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀. “Èwo nínú wọn?”

Tomoya rẹ́rìn-ín músẹ́. Thoa ni orúkọ olólùfẹ́ rẹ̀, ó sì ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó má dá lọ, kó dúró kí òun ti ọjà dé. Ṣùgbọ́n ta ló kàwé tó o? Ìwé rẹ̀ sọ pé ní apá ibẹ̀, èèyàn kì í dárúkọ ọmọbìnrin níwájú bàbá rẹ̀, ipò tí wọ́n bí i sí ni kí ó fi pè é. Thoa ní ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ni òun ní. Tomoya ti ṣírò rẹ̀ dáadáa.

“Èkejì ni mo fẹ́.”

Ariwo ọ̀bẹ dákẹ́ nílé ìdáná.

“Tún un sọ,” ni Bàbá wí.

“Èkejì ni mo fẹ́. Èkejì nìkan.”

Omi lé ròrò sójú Bàbá. “Ọmọ mi, mi ò ní í tàn ọ́ jẹ. Èkejì ti ní ọkọ méjì tẹ́lẹ̀.”

Etí Tomoya kò sàn ju ẹnu rẹ̀ lọ, ọkọ̀ ló gbọ́. “Kò burú. Ìyà mi ní mẹ́ta.”

“Ìyá rẹ? Mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà?”

“Bàbá mi ló rà wọ́n fún un. Méjì tí Èkejì ní dà?”

“Ọ̀kan wà ní Cà Mau. Ẹ̀yìn rẹ̀ ò tíì dáa láti ọjọ́ tí Èkejì ti tì í sódò. Ọ̀kan yòókù, obìnrin kan ní Bến Tre ló ń lò ó báyìí.”

“Kó máa lò ó. Ohun tó bá ṣì wúlò, kí wọ́n má fi dáná.”

Láti ìgbà tí Bàbá ti dáyé, kò tíì rí ọkùnrin tí inú rẹ̀ gbòòrò tó báyìí. Ó bu ọtí kún ife dé ẹnu.

“Ìbínú rẹ̀ ńkọ́? Ṣé o ti rí i?”

“Ìbínú kẹ̀? Jẹ́jẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀. Ìgbà mìíràn, àfi kí n bẹ̀ ẹ́ kó tún un sọ kí n tó gbọ́.”

“Èkejì? Èyí tó jẹ́ pé bó bá pè mí wá jẹun, àwọn ará òdìkejì odò ló ń jẹ́ ‘hòo’?”

“Ohùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn.”

“Ìfẹ́ yìí ti bọ́ sí ọ létí.” Bàbá nu ojú. “Mo gbà! Mú un! Ṣé òní lẹ fẹ́ máa lọ ni? Ọkọ̀ ń bẹ létí odò, màá gbọ́n omi inú rẹ̀.”

Tomoya foríbalẹ̀. Ayọ̀ rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ilé ni, kò lè gba ìyàwó kó má béèrè ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Bàbá, ohun kan ló ń bà mí lẹ́rù. Ṣé inú Èkíní ò ní í bàjẹ́?”

“Ta ni Èkíní?”

“Àkọ́bí yín.”

“Èkejì ni àkọ́bí mi.”

“Ta wá lẹ bí ṣáájú Èkejì?”

“Mi ò bí ẹnì kankan.”

Ojú Tomoya rọ̀. “Háà. Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, bàbá. Ẹ kú ìrọ́jú.”

“Ta ló kú?”

“Èkíní.”

“Èkíní ò kú! A ò bí i ni!”

“Báwo lẹ ṣe bí Èkejì láìbí Èkíní?”

“Bí wọ́n ṣe bí èmi náà ni! Ẹ̀kẹfà ni gbogbo ayé ń pè mí, ọmọ karùn-ún ìyá mi sì ni mí.”

Tomoya na ọwọ́ òsì síta, ó ka ìka rẹ̀. Ó pa á pọ̀, ó tún nà án. Ìgbà kẹta tó kà á, òógùn ti bò ó.

“Ẹni karùn-ún ni Ẹ̀kẹfà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ẹni kìíní wá ni Èkejì?”

“O ti ń gbọ́ èdè wa!”

“Ẹni kejì wá ni...”

“Ẹ̀kẹta.”

“Yéè!” Tomoya di orí mú. “Bàbá, Thoa ni mo fẹ́! Thoa tó ń ta òdòdó!”

“Thoa ni Ẹ̀kẹta!”

“Ohun tí mo sọ náà nìyẹn!”

“O ò sọ bẹ́ẹ̀! Èkejì lo sọ! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ohùn rẹ̀ tọ̀nà lẹ́nu rẹ látìgbà tí o ti wọlé nìyẹn!”

Àwọn méjèèjì yíjú sí ilé ìdáná. Kò sí ariwo ọ̀bẹ, kò sí ti ìkòkò.

“Ó ti gbọ́,” ni Bàbá sọ wúyẹ́wúyẹ́. “Lọ bá a, kí o sọ fún un pé àṣìṣe ni.”

“Èmi?”

“Ìwọ kọ́ lo kọ́ èdè?”

“Ẹ̀yin kọ́ lẹ bí i?”

Bàbá gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e mì. “Gbọ́, ọmọ yìí. Lẹ́yìn ohun tí Èkejì fetí ara rẹ̀ gbọ́ lónìí, mi ò lè sin Ẹ̀kẹta lọ ilé ọkọ kí n wá dá kù sínú ilé pẹ̀lú rẹ̀. Pípa ni yóò pa mí. Bí o bá fẹ́ Ẹ̀kẹta, wá ọkùnrin fún Èkejì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọkọ̀ rẹ padà sí Japan.”

Omijé gba ojú Tomoya. Ó rántí Thoa tó ti ń palẹ̀ òdòdó mọ́ lọ́jà báyìí, tí kò mọ̀ pé olólùfẹ́ òun ti fi ẹnu ara rẹ̀ ba ayé àwọn méjèèjì jẹ́. Ó fi apá aṣọ nu imú, ó ronú, ó ronú.

“Mo ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan,” ó ní. “Shigeo. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlélógójì, kò tíì níyàwó.”

“Kí ló ṣe é?”

“Kò ṣe nǹkan kan. Kì í sọ̀rọ̀ ni. Àjàrà ló ń tọ́jú látàárọ̀ dalẹ́.”

“Ṣé ó lágbára?”

“Àpò ajílẹ̀ méjì ló ń gbé lẹ́ẹ̀kan.”

“Ṣé ó mọ odò wẹ̀?”

“Ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa.”

Nílé ìdáná, ọ̀bẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí gé ẹja, jẹ́jẹ́, bíi ti ẹni tí kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan fo òun.

“Ìṣòro kan ló wà, bàbá,” ni Tomoya wí. “Shigeo ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè yín. Ṣùgbọ́n ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi fúnra mi ni màá kọ́ ọ.”

Bàbá fò sílẹ̀ nínú àwọ̀n, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú gírígírí.

“Tomoya, ọmọ mi, bí o bá nífẹ̀ẹ́ Ẹ̀kẹta lóòótọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má kọ́ ọ!”